Nígbà tí À Ń Múra Àtilọ sí Àgbádárìgì

Òórùn èédú tó ń jó nínú áyọ́ọ̀nù, pẹ̀lú ti aṣọ tuntun tí omi ṣì wà lára rẹ̀, ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Iléṣà ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, létí ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ tó ń ti Òṣogbo bọ̀ máa ń gbà wọ ìlú. Wẹ́dà kan wà ní òdìkejì títì tó máa ń jó irin láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi rọ̀, tí iná rẹ̀ á sì máa ta pàràpàrà. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ilé ìtajà ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wà, níbi tó ti ń ta páànù, ìṣó àti irin ìkọ́lé. Ọkọ rẹ̀ ló gba ṣọ́ọ̀bù náà fún un. Àwọn èèyàn máa ń yìn ín nítorí rẹ̀, wọ́n á ní ọkùnrin tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ohun tí wọn kò kíyè sí ni pé ó ti dá fèrèsé kan sára ògiri tó wà láàárín ibi iṣẹ́ àwọn méjèèjì, kò sì jẹ́ kí wọ́n ta aṣọ kankan sójú rẹ̀.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń lù ú. Mo sọ ọ́ láìfi bò báyìí nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí wa. Ohun tí a máa ń sọ ni pé inú máa ń tètè bí ọkùnrin náà, tàbí pé ìdààmú ọjà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, tàbí pé ẹnu ẹ̀gbọ́n mi náà mú díẹ̀. Olórí akọrin ni nínú ìjọ wọn, ohùn rẹ̀ dùn, kì í sì í rí àgbà kó má dọ̀bálẹ̀. Kì í lu ojú. Ẹ̀yìn, itan àti òkè apá ló máa ń lù, níbi tí aṣọ yóò bò. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ aránṣọ sì mọ bí wọ́n ṣe ń rán apá aṣọ kó gùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí ẹ̀yìn rẹ̀, lọ́jọ́ tó ní kí n bá òun fi òróró ra á. Ojú ibi tí wọ́n ti fi wáyà iná nà án wà níbẹ̀, àwọn kan ti dúdú, àwọn kan ṣì pupa, wọ́n dábùú ara wọn bí ìgbà tí ọmọdé bá fi èédú ha ògiri. Mo ń fi òróró ra á. Òun ló ń sọ̀rọ̀. Ó ń bi mí bóyá òjò ti ń rọ̀ ní Òṣogbo, níbi tí mò ń gbé.

Àsìkò yẹn ni ọ̀rọ̀ Àgbádárìgì bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Àbẹ̀rẹ̀ létí Òṣogbo, ọ́fíìsì wa sì ti rán àwa kan lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Àgbádárìgì rí. N kò rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa mọ́, ṣùgbọ́n mo rántí ìlú náà dáadáa. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé oòrùn pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ kì í ta èèyàn bíi ti ọ̀dọ̀ wa, nítorí atẹ́gùn òkun kì í dáwọ́ dúró. Mo ní àwọn ọkùnrin ibẹ̀ máa ń sùn sábẹ́ igi àgbọn lọ́sàn-án gangan, tí ẹnikẹ́ni kò ní bi wọ́n pé kí ló dé. Mo ní àwọn obìnrin máa ń yan ẹja létí ọ̀sà, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ bí ẹni pé ẹja náà ló ní kí wọ́n má kánjú, àti pé ewúrẹ́ ìlú náà pàápàá ń rìn bí òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wo ojú fèrèsé yẹn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé èèyàn lè lọ síbẹ̀ láìní ìdí kankan?" ó bi mí.

"Ìdí wo lẹ tún ń wá, Àǹtí? Ẹ kàn lọ sinmi ni."

"Sinmi." Ó pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Nígbà tí mo padà wá, ó ti ń béèrè ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í múra nìyẹn. Sátidé tí mo bá ti wá sí Iléṣà, a ó jókòó ti máṣíìnì rẹ̀, a ó sì máa to ìrìn àjò náà. A ó kúrò ní ìdájí, a ó wọ ọkọ̀ Ìbàdàn, láti Ìbàdàn a ó wọ ti Èkó, a kò sì ní dúró ní Èkó àfi ká ra búrẹ́dì. Mo mọ ilé àlejò kan tó kọjú sí ọ̀sà, níbi tí ìyá arúgbó kan ti máa ń fi omi àgbọn se ìrẹsì. Ní ọjọ́ kejì, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí etí òkun gangan. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò rí òkun rí fẹ́ mọ ohun gbogbo: ṣé wọ́n máa ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó tẹ iyanrìn ibẹ̀, ṣé obìnrin tó ti lọ́mọ ní yunifásítì lè jókòó sínú omi kí wọ́n má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ra àǹkárá aláwọ̀ ewé, ó gé e, ó fi rán bùbá gbàgẹ̀rẹ̀ méjì, tèmi àti tirẹ̀. Nígbà tó na tirẹ̀ sókè kí n wò ó, mo rí i pé apá rẹ̀ kò dé ìgúnpá. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i nínú aṣọ alápá kúkúrú.

Ìyọ̀ǹda ọkọ rẹ̀ ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọgbọ́n ṣe é. Ó dúró di ọjọ́ Sọ́ńdè kan lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láàárín àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n ń yìn ín fún orin ọjọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó ní òun fẹ́ tọrọ ọjọ́ mẹ́ta kí òun àti àbúrò òun lọ fẹ́ atẹ́gùn sára ní Àgbádárìgì. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ tó báyìí yẹ lẹ́ni tó ń sinmi. Ọkọ rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "Mo yọ̀ǹda. Ẹ máa lọ." Èmi kò sí níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. Ó ní títí àwọn fi délé ni òun ń retí pé yóò lu òun, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò ṣe nǹkan kan. Ó jẹun, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó lọ sùn.

Mo lọ sọ fún ìyá wa ní Ìwàrà. Màmá ń sá kòkó lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo débẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tú u ká sórí ẹní. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn.

"Ó yọ̀ǹda?" Màmá béèrè.

"Ó yọ̀ǹda, Màmá."

"Níwájú àwọn èèyàn?"

"Níwájú àwọn àgbà ìjọ ni."

Màmá kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí kòkó náà. "Ohun tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ọkùnrin níta," ó wí, "ilé ló ti máa ń gbà á padà. Ẹ tètè lọ."

N kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ìwọ náà, ọ̀rẹ́ mi, mọ bí ọ̀rọ̀ àgbà ṣe máa ń rí létí ẹni tínú rẹ̀ bá ń dùn. Nígbà tó di ọjọ́ Fúráìdè, tí a ó gbéra ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tọrọ àyè ní ọ́fíìsì, mo sì kúrò ní Àbẹ̀rẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Òṣogbo gba Ìbòkun kọjá, oòrùn mú, fèrèsé ṣí sílẹ̀, mo gbé báàgì mi lé itan bí ọmọ ilé ìwé tó ń lọ fún ọlidé.

Nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà. Ẹ̀gbọ́n mi wà nídìí máṣíìnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí pẹ́dà, ṣùgbọ́n kò rán nǹkan kan. Bùbá méjèèjì wà lórí itan ọkùnrin náà, ó ká wọn jọ dáadáa.

"Ìyàwó mi, káàbọ̀," ó wí. Bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń fi mí ṣeré láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. "Jókòó. Ṣé ọ̀nà dára?"

"Ọ̀nà dára, Bùọ̀dá. Ẹ kú iṣẹ́."

"Láti ọjọ́ Sọ́ńdè," ó wí, kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa, "ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń kọrin nínú ilé mi. Ó ń fọ abọ́, ó ń kọrin. Ó ń gbálẹ̀, ó ń kọrin. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò gbọ́ irú orin yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Kí ló wà ní Àgbádárìgì tí kò sí nínú ilé mi?"

"Òkun ni," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

Mo ṣì máa ń ronú lórí ìdáhùn yẹn. Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀, kò sì fi gbéraga. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó dáhùn ohun tó jẹ́ òtítọ́. Ọkọ rẹ̀ mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ yé, ó na ọwọ́ mú sísọ́ọ̀sì lórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé bùbá àkọ́kọ́ láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Kò kánjú. Ó gé èkejì bákan náà. Ariwo irin tí wẹ́dà ń gé ló gba gbogbo àyíká, a kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìró sísọ́ọ̀sì náà. Nígbà tó gé e tán, ó da àkísà náà sílẹ̀, ó dìde, ó sì fa ọ̀pá irin kan yọ lẹ́yìn bẹ́ńṣì. N kò ti kíyè sí ọ̀pá náà tẹ́lẹ̀. Láti inú ọjà rẹ̀ ló ti mú un wá, ó sì ti gbé e síbẹ̀ kí n tó dé.

Máṣíìnì ló kọ́kọ́ lù. Ó lù ú lórí, ó fọ́, abẹ́rẹ́ àti róòlù òwú fò káàkiri. Máṣíìnì yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń lò láti ọjọ́ tó ti gba ìdásílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, kó tó mọ ọkùnrin náà rárá. Ẹ̀gbọ́n mi da ara bò ó, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra bí ẹni gbá ọmọ mọ́ra. Ọ̀pá náà balẹ̀ sórí apá rẹ̀. Mo gbọ́ ìró egungun, ó dún bí igi ìdáná gbígbẹ tí wọ́n ṣẹ́ lórí orúnkún. Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. Ọkọ rẹ̀ lù ú léjìká, ó lù ú lẹ́yìn, ó tún gbé ọ̀pá sókè, ó sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn dídùn tó fi ń darí akọrin, ó ń wí pé, "Kọrin. Kọrin kí n gbọ́."

N kò lè sọ pé mo pinnu ohun tí mo ṣe. Ọwọ́ mi ló bá áyọ́ọ̀nù lórí tábìlì, ó wúwo, iná wà nínú rẹ̀, mo sì fi gbá ọkùnrin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ìdérí rẹ̀ ṣí, ẹyin iná dà sí i lọ́rùn, ó wọnú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ké. Mo gbọ́ òórùn awọ ara tó ń jó. Ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó kọjú sí mi, ó fún mi lọ́rùn, ó sì ń gbá orí mi mọ́ ògiri, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí eyín mi kan fi ṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi. Mo fi èékánná ya ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni a wà nígbà tí wẹ́dà àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ sáré wọlé. Wọ́n wọ́ ọ kúrò lára mi, ó ń jà ràpàràpà.

"Ìyàwó mi ni," ó ń sọ fún wọn. "Ọ̀rọ̀ ilé mi ni."

"A mọ̀," wẹ́dà dáhùn, kò sì tú u sílẹ̀. "Ẹ jókòó sílẹ̀."

Egungun méjèèjì ní ìsàlẹ̀ apá ẹ̀gbọ́n mi ló kán. Wọ́n ń tò ó lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn nígbà tí ọlọ́pàá wá mú mi, torí bí wẹ́dà ṣe tú ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tí a lọ, ó ti ṣáájú wa dé àgọ́ wọn pẹ̀lú bándéèjì lórí àti lọ́rùn. Mo lo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lórí bẹ́ńṣì àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú ẹnu wíwú. Ọ̀gá kan níbẹ̀ bi mí pé kí ló gbé mi dé àárín tọkọtaya, ó ní bí ọkùnrin náà bá kú, èmi ni wọn yóò bi. Kò bi mí nípa apá ẹ̀gbọ́n mi. Wẹ́dà ló yọ mí. Ẹnikẹ́ni kò pè é, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó wọ dàńsíkí, ó wá sọ ohun tó rí, àtohun tó ti ń gbọ́ láti òdìkejì títì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí a ṣe ń jáde, mo bi í ìdí tí kò fi wá rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n yín máa ń kí mi láràárọ̀," ó wí. "Mo rò pé ẹni tó ń kíni tọ̀yàyà-tọ̀yàyà báyẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì burú." N kò dá a lẹ́bi. Ohun kan náà lèmi náà rò, èmi tí mo rí ẹ̀yìn rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn ẹbí ọkùnrin náà fi wá sí Ìwàrà, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi lọ lẹ́yìn ilé ìwòsàn, láti bẹ̀bẹ̀, pẹ̀lú òun fúnra rẹ̀ àti àgbà ìjọ kan. Wọ́n ní aṣìṣe wà lápá ọ̀tún, ó wà lápá òsì. Kí n kúnlẹ̀ bẹ ọkùnrin náà fún orí tí mo fọ́, kí ẹ̀gbọ́n mi sì padà sílé ọkọ kí ọ̀rọ̀ náà má baà tàn kálẹ̀. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá, ó ń sunkún, mo sì gbà pé ẹkún náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Màmá wò ó títí.

"Tó bá tún kọrin ńkọ́?" Màmá bi í.

Ọkùnrin náà yí ojú wo àwọn ẹbí rẹ̀, àwọn náà ń wo ilẹ̀.

"Ẹ kú wàhálà ọ̀nà," Màmá wí. "Ọmọ mi kò bá yín lọ."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀bẹ̀ parí. Àbúrò ọkùnrin náà dìde, ó ń nàka sí Màmá, ó ní àwọn yóò tú ilé náà ká lé wa lórí. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá wọn wá, tí wọ́n dúró níta, ju òkúta lu páànù orí ilé, wọ́n fọ́ ìkòkò omi, wọ́n tẹ kòkó tí Màmá sá mọ́lẹ̀. Màmá wọlé, ó mú àdá tó fi ń roko jáde, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé e lé orúnkún. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan sí wọn, kò sì dìde títí ọkọ̀ wọn fi lọ. Mo lọ jókòó tì í. "Bàbá yín lù mí dáadáa," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sá lọ sílé wa, wọ́n dá mi padà lẹ́ẹ̀mejèèjì." Bí mo ṣe dàgbà tó, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹjọ́ dé kóòtù, ọkùnrin náà sì lo àkókò díẹ̀ ní àhámọ́. Ìgbéyàwó tú ká. Mo gbọ́ pé ó ṣì ń darí akọrin, nínú ìjọ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi kó wá bá mi ní Òṣogbo, ọmọ rẹ̀ sì ń wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa. Apá náà jiná, ṣùgbọ́n ó wọ́ díẹ̀. Ó kọ́ bí yóò ṣe máa fi ọwọ́ kejì darí aṣọ, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ìgbà náà, n kò yé dárúkọ Àgbádárìgì fún un. Mo ní ká lọ nígbà Kérésì, mo ní ká lọ nígbà Àjíǹde, mo ní mo lè tọrọ ààyè lọ́fíìsì nígbàkúùgbà tó bá wù ú. Yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "A ó lọ."

Nígbà tó yá, mo dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, n kò bá a nílé. Ó se ọbẹ̀ sílẹ̀, ó bo ìkòkò. Ará ilé wa kan ní òun rí i tó gbé báàgì jáde ní àárọ̀. Mo pè é, fóònù rẹ̀ kò lọ. Gbogbo ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà ní Iléṣà tún padà sójú mi: ọ̀pá irin, ẹ̀jẹ̀, ohùn dídùn yẹn. Mo pe Màmá, mo pe wẹ́dà kó lọ wò ó bóyá ọkùnrin náà wà ní ìsọ̀. Ó ní ó wà níbẹ̀, ó ń ta ìṣó. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni fóònù mi dún.

"Mo wà ní Àgbádárìgì," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ta lẹ bá lọ?"

"Èmi nìkan ni."

Inú bí mi. Mo bi í ìdí tí kò fi sọ fún mi, èmi tí mo jẹ́ pé èmi ló kọ́kọ́ sọ ìlú náà fún un, èmi tí eyín mi kan ṣẹ́ nítorí rẹ̀. Mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ nítòsí rẹ̀ ní èdè tí n kò gbọ́.

"Bí mo bá sọ fún ọ," ó wí, "o máa ní kí n máa lọ."

Ó kí mi, ó ní kí n rántí gbé ọbẹ̀ kaná kó má baà kan, ó sì pa fóònù. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ló padà dé, oòrùn ti pa á láwọ̀ dà, irun rẹ̀ gan, kò sì ròyìn ohunkóhun fún mi. Èmi náà kò béèrè. Ọ̀rẹ́ mi, fún ìgbà pípẹ́ ni mo ti rò pé ìrìn àjò yẹn jẹ́ ẹ̀bùn tí mo fẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, pé ọkùnrin kan ló já a gbà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ọwọ́ ẹnì kan ni àyè láti lọ sí ibikíbi ti máa ń wá fún un: ti bàbá wa, ti ọkọ rẹ̀, ti àwọn àgbà ìjọ, àti tèmi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ni mo fi fún un. Kò wá òkun nìkan lọ síbẹ̀. Mi ò mọ ohun tó rí níbẹ̀, mo sì ti gbà pé kì í ṣe tèmi láti mọ̀. Ní báyìí, tó bá gbé báàgì, màá bá a gbé e dé ẹnu ọ̀nà, màá kí i pé ó dàbọ̀, màá sì padà wọlé.